Ọwọ́ Ọdẹ́sanmí àti Òkè Àwọn Tí Kì í Pa Nǹkan

Ẹ dá orin yẹn dúró ná, ẹ̀yin ọdẹ. Ẹ fi ìbọn yín ti ara ògiri kí ẹ jókòó, kí ẹni tó bá fẹ́ mu omi sì mu ún nísinsìnyí, nítorí bí mo bá bẹ̀rẹ̀, n kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Òkú ọdẹ la wá sin. Àṣà wa ni pé kí ẹnìkan tó mọ òkú sọ ìrìn-àjò rẹ̀ kí á tó tú ká, ẹ̀yin lẹ sì ní kí èmi Ògúndìran sọ ti Ọdẹ́sanmí. Ẹ kò bi mí bóyá inú mi dùn sí i. Inú mi kò dùn. Inú ń bí mi, ìbínú náà ni mo sì máa fi sọ ọ́, torí ọkùnrin tó wà nínú pósí yìí rin ìrìn dé òpin ayé kí ó lè padà wá pa mí.

Ẹ̀yin tí ẹ kéré, ẹ kò mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọdẹ́sanmí bí ọmọkùnrin kan, Àkànjí, géńdé ọdẹ tí mo fẹ́ràn ju bí mo ṣe fẹ́ràn bàbá rẹ̀ lọ. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́ kan tí kùrukùru bo gbogbo igbó, mo rí i tí ewé ń mì níwájú mi. Mo súfèé ẹ̀ẹ̀mẹta. Òfin wa nìyẹn: bí ọdẹ kan bá súfèé, ọdẹ tó bá gbọ́ gbọ́dọ̀ súfèé padà, kí á má baà yìnbọn lu ara wa. Kò sí ìdáhùn. Mo yìnbọn. Àkànjí ni mo bá nílẹ̀.

Wọ́n pe gbogbo ọdẹ jọ. Mo ní mo súfèé. Ọdẹ́sanmí, tó wà nínú igbó láàárọ̀ ọjọ́ náà, gbé ọwọ́ ọ̀tún lé irin Ògún, ó búra pé etí òun kò gbọ́ ìsúfèé kankan. Bàbá tí ọmọ rẹ̀ kú ló ń sọ̀rọ̀, ta ni yóò bá a jiyàn? Wọ́n gba ìbọn mi. Ìyàwó mi kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé bàbá rẹ̀. Bí mo bá ń bọ̀ lójú ọ̀nà, àwọn obìnrin a fa ọmọ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo sì súfèé, ẹ̀yin ènìyàn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni.

Ṣùgbọ́n bí Ọdẹ́sanmí ṣe gbé ọwọ́ kúrò lórí irin náà ni ọwọ́ ọ̀hún di ìkúùkù, kò sì ṣí mọ́. Wọ́n fi omi gbígbóná jó o, wọ́n fi òrí pa á, pàbó ló já sí. Gbogbo ìlú ní ìbànújẹ́ ló fà á. Lọ́jọ́ kẹta ó gbé ìbọn wá sójúlé mi láti pa mí, ìka rẹ̀ kò sì wọ ibi tí à ń fà kí ìbọn tó dún. Ó gbìyànjú ọwọ́ òsì, ìbọn bọ́ sílẹ̀. Ó ń fi ìkúùkù gbá ilẹ̀kùn mi, ó ń sunkún nítorí kò rí mi pa, èmi náà dúró, mo ń wò ó.

"Orí yọ ọ́ lónìí," ó wí. "Mo ń lọ wá ẹni tí yóò ṣí ọwọ́ yìí fún mi. Bó bá ti ṣí, má sá lọ o. Dúró dè mí."

"Ibo ni mo fẹ́ sá lọ?" mo dá a lóhùn. "Ìwọ lo ti lé gbogbo ayé kúrò lọ́dọ̀ mi."

Obìnrin onílẹ̀kẹ̀ kan tó máa ń ná ọjà òkèèrè ló sọ fún un pé òkè kan wà ní ilẹ̀ Íńdíà, tí àwọn ẹlẹ́sìn tí wọ́n ń pè ní Jáìnì máa ń gùn láti lọ jọ́sìn. Ó ní àwọn ènìyàn náà kì í pa ohunkóhun, ìbáà ṣe kòkòrò, àti pé ẹni tó bá gun òkè wọn dé orí, ohun tó bá dì mọ́ ọn lára a máa tú. Ọdẹ́sanmí kò gbọ́ ti pé wọn kì í pa ohunkóhun. Pé a máa tú nìkan ló gbọ́. Ó di ẹrù rẹ̀, ó kọrí sọ́nà.

Igbó tó kọ́kọ́ wọ̀ ni Igbó Ìbéèrè. Iwin ẹlẹ́sẹ̀ kan jókòó lórí òkìtì ọ̀gán lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, èèrà ń gba inú rẹ̀ kọjá. Iwin náà kò béèrè owó-bodè. Ó ní, "Ta ló pa ọmọ rẹ?" Ọdẹ́sanmí ní, "Ògúndìran." Igbó yí bírí, ó sì bá ara rẹ̀ níbi tó ti gbéra láàárọ̀. Ó rìn padà wá. "Ta ló pa ọmọ rẹ?" "Ògúndìran ni, ṣé etí rẹ di ni?" Igbó tún yí. Ẹ̀ẹ̀meje ló rin ọ̀nà kan náà, ẹ̀gún fa ṣòkòtò rẹ̀ ya, ó ń ṣépè fún iwin, ó ń ṣépè fún mi. Nígbà kẹjọ, ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé ẹnu rẹ̀ kò là mọ́. Iwin béèrè, ó dákẹ́. Iwin bá sún ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo kúrò lọ́nà. "Ìyẹn sàn díẹ̀," ó wí. "Kọjá."

Ká ní èmi ni, n kì bá tí rìn ín tó ẹ̀ẹ̀meje. Èmi tí mo lé ẹfọ̀n láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, tí ọ̀rọ̀ mi fi sú ẹfọ̀n náà tó lọ jókòó fúnra rẹ̀, ṣé iwin ẹlẹ́sẹ̀ kan ni yóò máa dá mi padà? Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo ṣì ní ìwo ẹfọ̀n náà nílé.

Ìlú tó kàn ni Ìlú Atẹ́wọ́. Àwọn ará ibẹ̀ kì í gbin nǹkan, wọn kì í sì í dáná. Ìbínú ni wọ́n ń jẹ. Láràárọ̀ ni wọ́n ń gbé àlejò gun àga gíga, wọn a ní kí ó sọ ibi tí ẹlòmíràn ṣe sí i. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe ń gbóná lẹ́nu rẹ̀ ni ikùn wọn ń kún, wọn a sì máa pàtẹ́wọ́ títí òrùlé yóò fi máa mì. Ọdẹ́sanmí kò rí irú ìlú tó dára bẹ́ẹ̀ rí. Ó ro ẹjọ́ mi fún wọn. Ó pè mí ní apànìyàn, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó pè mí ní òpùrọ́, àwọn ìyá arúgbó dìde dúró. Ó ní mo fẹ́ràn ẹ̀jẹ̀ láti kékeré, èmi tí mo gbé e pọ̀n sọdá odò lọ́jọ́ tí ejò bù ú jẹ. Wọ́n fún un nílé, wọ́n ní àwọn yóò fi í joyè. Oṣù mẹ́ta ló lò níbẹ̀, wọ́n ń sanra, òun sì ń gbẹ.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan nínú wọn nu ẹnu rẹ̀, ó ní, "Ọ̀rọ̀ yìí dùn, àlejò, ṣùgbọ́n kí ló dé tí ọmọ náà kò fi súfèé padà?"

"Kò sẹ́ni tó súfèé," Ọdẹ́sanmí wí.

"Mo gbọ́. Mo kàn bi ọ́ ni."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Ní ọ̀sán gangan ni Ọdẹ́sanmí fo odi ìlú, ó sì fi eré sí i títí ó fi dé ìsàlẹ̀ òkè tó ń wá. Ẹ má bi mí bí ènìyàn ṣe ń ti Ìlú Atẹ́wọ́ sáré dé Íńdíà. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, ó sì ní òun sáré, òun débẹ̀.

Òkè náà ga. Wọ́n fi òkúta ṣe àtẹ̀gùn sí i láti ìsàlẹ̀ dé òkè téńté, ìpele rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀ẹ́dógún. Tẹ́ḿpìlì òkúta funfun ló kún orí rẹ̀, òrùn ń ta sí wọn lára débi pé ojú kò gbà á. Bàbá arúgbó kan tó ń jẹ́ Káńtílálì ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ó ró aṣọ funfun, kò wọ bàtà. "Ẹ káàbọ̀," ó wí. "Ohunkóhun tó bá jẹ́ awọ lára yín, ẹ bọ́ ọ sílẹ̀ níbí. A kì í gbé awọ gun òkè yìí."

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ọdẹ. Kí ló wà lára ọdẹ tí kì í ṣe awọ? Ó bọ́ bàtà. Ó bọ́ àpò. Ó bọ́ fìlà awọ ọ̀bọ, ó tú gbogbo oògùn tí wọ́n fi awọ rán lára ẹ̀wù rẹ̀, ó sì bọ́ ẹ̀wù náà pẹ̀lú. Ó wá kan ìgbànú. Nígbà tó ṣe tán, ọwọ́ òsì ló fi di ṣòkòtò mú kó má baà já bọ́, ọwọ́ ọ̀tún ti di ìkúùkù tipẹ́. Bí akọni ọdẹ ìlú wa ṣe wọ ilé ẹlẹ́sìn nìyẹn.

Síbẹ̀ ó rántí ẹ̀kọ́ ilé. Ó ṣe ohun tí gbogbo wa ń ṣe tí a bá dé ìlú onílùú: ó fi eyín tú ewé tó fi di ẹran, ó gbé itan ìgalà gbígbẹ tó ti ń tọ́jú láti ilé kalẹ̀ níwájú bàbá náà, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ gbà, Bàbá. Kí àwọn ará ilé fi sebẹ̀."

Bàbá Káńtílálì wo ẹran náà títí. Ó bọ́ aṣọ èjìká rẹ̀, ó fi bo ẹran náà, ó sì jókòó tì í bí a ṣe ń jókòó ti òkú. "Kí ni orúkọ rẹ̀?" ó béèrè.

"Orúkọ ta ni?"

"Ti ẹni tí ẹ gbé wá yìí."

Inú bí Ọdẹ́sanmí débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ṣòkòtò sílẹ̀. Ta ló ń kọ ẹran lọ́wọ́ ọdẹ? Ó rò pé wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n wá gbé oúnjẹ fún un kí ilẹ̀ tó ṣú, ìrẹsì àti ẹ̀wà wẹ́wẹ́, wọ́n fi aṣọ sẹ́ omi kí wọ́n tó fún un mu, nítorí àwọn ohun kéékèèké tó lè wà nínú omi. Ó bi wọ́n níbi tí iṣu wà. Wọ́n ní àwọn kì í jẹ ohun tí a hú nínú ilẹ̀, torí ẹni tó bá hú u ti pa á, ó sì ti pa àwọn tó ń gbé ìdí rẹ̀. Àlùbọ́sà pàápàá, wọn kì í jẹ ẹ́. Mo tún un sọ fún yín: kò sí iṣu. Ọ̀tá mi ni Ọdẹ́sanmí nígbà náà, mo sì ṣàánú rẹ̀ níbi tó sọ ìyẹn dé.

Bí ojúmọ́ ṣe mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Ìyá àgbàlagbà kan tó ti fi ayé sílẹ̀ fún ẹ̀sìn ló ṣáájú rẹ̀, aṣọ kékeré bo ẹnu ìyá náà kí kòkòrò má baà kó sí i lẹ́nu, ó sì fi ìgbálẹ̀ òwú rírọ̀ ń gbá iwájú ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kó má baà tẹ èèrà pa. Bí ìlà èèrà bá ń kọjá, ìyá yóò dúró títí wọn yóò fi lọ tán. Ọdẹ́sanmí ń pòṣé lẹ́yìn rẹ̀. "Ìyá, ṣé òní náà la máa débẹ̀?" Ìyá ń gbálẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ìpele àkọ́kọ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an. "Dárúkọ ọ̀kan tí o pa," ó wí. Ẹ̀rín sọ lẹ́nu Ọdẹ́sanmí. Ṣé ohun tí wọ́n máa bi ọdẹ nìyẹn? Ó ní, "Àgbọ̀nrín tí mo pa létí odò nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìbọn." Ìpele jẹ́ kó kọjá. Èkejì béèrè tirẹ̀. Ó dárúkọ ìmàdò, ó tún sọ bó ṣe ga tó. Ó dárúkọ ẹkùn, ó dúró kó lè fi bí òun ṣe dojú kọ ọ́ han ìyá náà. Ẹtu, òòrẹ̀, ọ̀yà, èkìrì, ẹfọ̀n mẹ́ta. Ó ń yangàn gòkè lọ. Nígbà tó di ọ̀sán, àwọn ẹran ńlá ti tán, ó wá kan ehoro, ó kan àparò. Kò yangàn mọ́. Ó dárúkọ alángbá tó sọ lókò nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó dárúkọ èèrà tó tẹ̀ pa láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìpele gbà á. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti là, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ojú rẹ̀ sì ń pọ́n sí i.

Ó wá ku ìpele kan ṣoṣo. Ilẹ̀kùn tẹ́ḿpìlì nìyẹn níwájú, ó ń wò ó. "Dárúkọ ọ̀kan tí o pa," ìpele wí.

"Wọ́n ti tán."

"Ó ku ọ̀kan."

"Mo ní wọ́n ti tán!" Ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ẹsẹ̀ kò lọ. Ó jókòó, ó ń fi ìkúùkù lu òkúta náà títí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde. Ó bú òkè. Ó bú obìnrin onílẹ̀kẹ̀ tó júwe ọ̀nà fún un. Ó bú èmi, bó ti máa ń ṣe. Ìyá náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fi ìgbálẹ̀ ṣí àwọn èèrà kúrò níbi tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń kán sí.

"Ìyá, ọmọ mi ni wọ́n pa," ó wí. "Èmi kọ́ ni mo pa á."

"N kò sọ̀rọ̀ ọmọ," ìyá náà dáhùn.

Èyí tó sọ lórí ìpele náà, bó ṣe sọ ọ́ lójú àwa ọdẹ ni mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Ó ní, "Mo gbọ́ ìsúfèé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ, mo sì mọ̀ pé Ògúndìran ni. Èmi àti Àkànjí ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ibi tí ẹran ti ń lá iyọ̀ ilẹ̀ ni, n kò fẹ́ kí Ògúndìran mọ ibẹ̀. Àkànjí ti gbé ìka sẹ́nu láti súfèé padà. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ yìí ni mo fi dì í mú."

Ìgbà náà ni ọwọ́ ṣí. Ó ní kò dùn ún, ó kàn ṣí ni. Ó wo inú rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, àfi ojú ọgbẹ́ èékánná rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ó wọ tẹ́ḿpìlì. Àwọn ère òkúta funfun jókòó yí ká, wọ́n ká ẹsẹ̀, ojú wọn là sílẹ̀, wọ́n tẹ́ ọwọ́ kan lé ìkejì lórí itan. Ó kúnlẹ̀ níwájú èyí tó tóbi jù, ó ní kó sọ fún òun ohun tí òun yóò ṣe. Ère kò sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ títí. Níkẹyìn, ó kọjú sí ìyá náà, inú ti tún ń bí i. "Kí ló dé tí kò dá mi lóhùn?"

"Àwọn wọ̀nyí kì í fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan," ìyá wí. "Ènìyàn ni wọ́n, wọ́n borí ara wọn, wọ́n sì lọ. A kàn ń wá wò wọ́n ni."

"Mo ti ibi tí mo ti wá rìn dé ìhín kí n lè wá wo ère?"

Ìyá náà pa ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀ níwájú àyà, ó tẹ orí ba. Ó ní, "Bí mo bá ti ṣẹ̀ ọ́ lónìí, tí mo mọ̀ tàbí tí n kò mọ̀, dárí jì mí." Ọdẹ́sanmí kò mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Obìnrin tó ń yà fún èèrà ló ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òun. Ó wo àgbàlá, ó rí i pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ń ṣe, ọkọ sí aya, olówó sí ẹni tó ń gbálẹ̀, Bàbá Káńtílálì tìkára rẹ̀ ń lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ọjọ́ kan wà lọ́dún tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, ọjọ́ náà ló sì bọ́ sí. Wọ́n ń wá bá òun náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń wo ojú wọn, ẹni tó yẹ kí òun bẹ̀ kò sí láàárín wọn.

Ó padà wálé. Nínú ìpàdé ọdẹ, lójú gbogbo yín, ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ gbé ìbọn mi fún mi padà, ẹ ń wolẹ̀. Ìyàwó mi ti fẹ́ ẹlòmíràn nígbà náà. Lẹ́yìn èyí ló wá sójúlé mi, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ó ní, "Ògúndìran, mo tọrọ àforíjì."

Mo ní kó jókòó síta. Ó jókòó láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, n kò dá a lóhùn, ó sì lọ. Ní ọjọ́ kan náà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó tún wá. Mo ṣe bákan náà. Ọdún mẹ́sàn-án, ẹ̀yin ènìyàn. Mo fẹ́ kó mọ bí ó ṣe ń rí kí ènìyàn sọ òtítọ́ kí wọ́n má sì dá a lóhùn. N kò lè parọ́ fún òkú: nígbà tó di bí ọdún karùn-ún, mo ti ń gbá ojúlé mi kó tó dé. Mo ń sọ fún ara mi pé ìdọ̀tí ló pọ̀.

Ọdún yìí ni mo fẹ́ dá a lóhùn. Mo ti ro ohun tí mo máa sọ. Mo ti ní kí wọ́n se iṣu sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n wá sọ fún mi pé ó ti kú. Ọjọ́ mẹ́ta péré, Ọdẹ́sanmí. O lè gun òkè tó lé ní ẹgbẹ̀ẹ́dógún ìpele láìwọ bàtà, o kò wá lè fi ọjọ́ mẹ́ta dúró dè mí? Ẹ fi mí sílẹ̀, ẹ má fà mí láṣọ. Mo ní inú ń bí mi, mo ti sọ fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ti dárí jì í. Ẹ wò ó, ẹnu mi sọ ọ́, kò sì gbọ́.

Àwẹ̀ró, ìyàwó olóògbé, wọ́n ní ìwọ lò ń bá a di omi àti àkàrà tó ń gbé wá jókòó sójúlé mi. Ọdún mẹ́sàn-án lo fi rí i tó ń padà wálé bó ṣe lọ. Mo pa ọwọ́ mi méjèèjì pọ̀ síwájú rẹ báyìí. Dárí jì mí. Rárá, má dá mi lóhùn lónìí. Máa lọ sin ọkọ rẹ. Bó bá di ọjọ́ náà lọ́dún tó ń bọ̀, n óò wá jókòó sójúlé rẹ.